Káfíńtà Tó La Ẹnu Ọ̀sà

Èéfín ló kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀. Káfíńtà wá tún ọkọ̀ apẹja kan ṣe létí ọ̀sà, ọmọbìnrin apẹja náà sì ń yan ẹja nítòsí. Ọkùnrin náà húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹja lẹ ń yan ni àbí èmi?"

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ ò tíì jinná."

Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín, ẹ̀rín di ìfẹ́. Káfíńtà sọ ọ́ ní Adúmáadán. Apẹja pàápàá fọwọ́ sí i: bí òjò bá ti dá, kí wọ́n ṣègbéyàwó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le. Iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà, níbi tó ti ń pàdé òkun. Omi dúró sójú kan, ó ń rùn, ẹja sì ń yọrí síta láti mí. Adúmáadán sunkún.

"Bí ẹja bá tán, Bàbá á kó wa lọ sókè odò."

 Igi ni Káfíńtà mọ̀ o, kò mọ omi. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ la ẹnu ọ̀sà. Ibi tó là ò ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá lọ.

Gbogbo apẹja ló mọ̀ pé ìgbà òjò ni wọ́n ń là á, kí omi odò lè máa ti omi òkun padà. Lẹ́ẹ̀rùn, odò ò lágbára. Òkun fẹ ojú ibẹ̀, iyọ̀ ya wọlé. Koríko abẹ́ omi tí ẹja ń yé sí pọ́n, ó kú. Ẹja tó ṣẹ́ kù sá gba òkè odò lọ. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ níwájú apẹja. "Bàbá, èmi ni mo là á. Nítorí ọmọ yín ni."

Apẹja ní kó dìde. "Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n a ò lè yan ìfẹ́ tà. Mi ò ní fọmọ mi fún ẹni tó lé mi kúrò nílé."

Adúmáadán sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ kó bá ẹ lójijì ni."

"Ó bá mi lójijì." Kò pariwo mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló dun Káfíńtà.

Wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀ tó tún ṣe, wọ́n lọ.

Káfíńtà dúró létí ọ̀sà, kò fẹ́ ẹlòmíì. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí ó fi rẹ̀ ẹ́: "Ọ̀sà ò ní bímọ fún ẹ o." Ọdún ń gorí ọdún. Iyanrìn rọra padà sí ẹnu ọ̀sà, òjò fọ iyọ̀ kúrò, koríko tún hù. Lọ́jọ́ tó rí ọmọ ẹja nínú koríko, ó jókòó sétí omi, ó sunkún ayọ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kan fi yọ láti òkè odò. Káfíńtà dá pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ̀ lára ọkọ̀ náà. Apẹja tó wà nínú rẹ̀ ti hu ewú.

"Káfíńtà, omi ti jì ẹ́. Èmi náà ti jì ẹ́."

"Ẹ ṣé, sà."

Adúmáadán ń wo ìsàlẹ̀ omi. "Koríko ti hù."

"Ó ti hù. Mo ti ń dúró dè é."

Adúmáadán yíjú sí i. Ọmọ kan ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ẹrù tó kù," ó wí jẹ́jẹ́.

Káfíńtà di ọkọ̀ náà mú, kí ìyá àti ọmọ lè sọ̀kalẹ̀.