Ta Ló Fọ Ìdọ̀tí?

Ìkùukùu ò tíì ká lórí odò nígbà tí igbe ta. Odò tó la ìlú já yìí, tí ẹgbẹ́ àwọn aráàdúgbò kan ti ń kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìgba kọ́bọ̀, ti tún kún fún ike, ọ̀rá àti táyà. Gbogbo rẹ̀ ń léfòó jẹ́jẹ́ kọjá lábẹ́ afárá, bí ẹni tó ń yíra lójú oorun.

Inspẹ́kítọ̀ tí gbogbo ìlú ń pè ní Rọra dúró létí omi. Orúkọ yẹn bá a mu, torí kì í sáré sọ̀rọ̀, kì í sì í sáré mú èèyàn. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ló ti sáré kó ṣẹkẹṣẹkẹ sọ́wọ́ Bàbá Táyà, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́bàá afárá, nítorí àmì ọ̀dà rẹ̀ wà lára táyà inú omi. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ní àwọn máa wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́la.

"Ọ̀gá, ẹni tí ò jẹ gbì kì í kú gbì," ni Bàbá Táyà wí. "Táyà mi ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ táwọn ẹlẹ́gbẹ́ odò ti yọ ọ́ kúrò nínú omi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tí wọ́n bá wó ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí la fẹ́ jẹ?"

Àánú rẹ̀ ṣe Rọra. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà: ó dúdú fún gíríìsì títí dé èékánná. Ó fa táyà náà jáde, kò rí àbààwọ́n ọwọ́ kankan lára rẹ̀. Ó gbé ike kan símú, òórùn ọṣẹ ló gbọ́. Ó ṣe é bí àlá.

Ó pe alága ẹgbẹ́ odò, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì.

"Tíṣà, ibo lẹ máa ń kó ìdọ̀tí tẹ́ ẹ bá yọ sí?"

"Yàrá abẹ́ afárá yẹn ni, sà. Lánàá, ó kún dé òrùlé. Láàárọ̀ yìí, ó ti ṣófo, wọn ò sì já ilẹ̀kùn. Èmi àti Mọ́mì Nọ́ọ̀sì nìkan la ní kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé ẹ máa ń fọ̀ wọ́n ni?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Fọ kí ni? Èmi tí ìyàwó mi ò tíì rí kí n fọ ife rí! Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, sà. Ẹ ṣáà bá wa wá a."

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, opó tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, jókòó sórí òkúta.

"Ọmọ mi, òní la fẹ́ fa odò lé ìjọba lọ́wọ́ pé ó ti mọ́ tán, kí ẹgbẹ́ tú ká," ló wí. "A ò lè ṣe é mọ́ báyìí. Àfi ká tún bẹ̀rẹ̀." Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, kò jọ ti ẹni tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Rọra ronú díẹ̀. Ó rọ ẹrẹ̀ sínú ike mélòó kan, ó há wọn fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́.

"Mo fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbé nǹkan lọ. Ẹ jù ú sódò."

Wọ́n kùn, àmọ́ wọ́n jù ú. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì nìkan ló gbé tirẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, tó da ẹrẹ̀ rẹ̀ nù, tó sì ń ṣan ike náà tinútìta. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé gbogbo wọn ń wo òun.

"Mọ́mì," ni Rọra wí, "ẹni tó kórìíra odò kì í fọ ìdọ̀tí kó tó dà á sí i. Ká ní Bàbá Táyà ni, gíríìsì ì bá wà lára táyà yẹn. Tíṣà tí ò fọ ife rí, ṣé ike ló máa wá fọ̀? Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, tó sì fẹ́ràn omi yìí débi pé kò lè fi ẹ̀gbin kàn án, ẹ̀yin nìkan ni."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ẹ̀yin tá a jọ ń kó ìdọ̀tí yìí nìkan lẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí odò bá mọ́ tán, kí ló tún fẹ́ pa wá pọ̀?"

Wọ́n ti tú ọwọ́ Bàbá Táyà. Inú ń bí i. "Ẹ wá ń wò mí níran, Mọ́mì, tí wọ́n so mí bí ewúrẹ́!"

Ìyá arúgbó náà fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà sáré gbá a mú, kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ó wá kọjú sí àwọn tó kù.

"Nínú gbogbo yín," ló bi wọ́n, "ta ló mọ ilé Mọ́mì?"

Tíṣà ń wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.