Káàdì Ọ̀gá Lára Ẹ̀rọ Bàbá Tíṣà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà Bàbá Tíṣà ti wà lórí tábìlì láìsí wáyà iná lára rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Jẹ́jẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ibùsùn tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Ó ní oòrùn ojú fèrèsé ni. Bẹ́ẹ̀ òjò ti ń rọ̀ láti àná, oòrùn kankan ò yọ.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, torí pé kì í kánjú tú ohunkóhun. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà ti kú. Orí àga ìdí tábìlì yìí gan-an ló kú sí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́sàn-án gangan, irin tó fi ń tú ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ Bàbá Tíṣà sì wà níwájú rẹ̀. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Òfin kan wà tí ọ̀gá kì í fi ṣeré: ẹni tó bá tú ẹ̀rọ yóò so káàdì tó kọ orúkọ rẹ̀ sí mọ́ ọn, ẹlòmíràn ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ẹni tó so káàdì náà yóò fi tú u. Káàdì ọ̀gá ṣì wà lára ẹ̀rọ yìí. Jẹ́jẹ́ tú u fúnra rẹ̀. Àbí kí ló fẹ́ ṣe? Òkú ò lè tú káàdì.

Àánú Bàbá Tíṣà ló ń ṣe é. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

"Ohùn rẹ̀ tó gbà sínú ẹ̀rọ yìí kó tó kú ni mo fẹ́ gbọ́, ọmọ mi," ni bàbá náà sọ lẹ́nu ọ̀nà, bíi pé ẹnì kan ń sùn nítòsí. "Ó ní ohun tó fẹ́ bi mí. Mo pẹ́ délé ni."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́."

Ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kò ju pé fáìlì tó yẹ kó kà kó tó lè jí ti dàrú. Jẹ́jẹ́ ti tún irú rẹ̀ ṣe láìmọye ìgbà. Ó so wáyà iná mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ki fúláàṣì rẹ̀, ọ̀pá kékeré tó fi ń jí ẹ̀rọ, bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ó sì ní kí ẹ̀rọ ṣí fáìlì náà. Ìkìlọ̀ jáde: *O kò láṣẹ. Alábòójútó nìkan ló lè ṣe èyí.*

Ó rẹ́rìn-ín. Àgbà òpùrọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn. Ìbáà jẹ́ pé fáìlì sọnù, tàbí pé nǹkan mìíràn nínú ẹ̀rọ ló gbá a mú, ọ̀rọ̀ àṣẹ náà ni yóò máa pariwo. Ọ̀gá ló kọ́ ọ: "Tó bá ti ní o ò láṣẹ, má bá a jiyàn. Wá ẹni tó di ilẹ̀kùn mú lẹ́yìn."

Ó wá a. Fáìlì wà níbẹ̀, kò sọnù. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tàn án, ìkìlọ̀ yẹn kan náà ni. Nígbà tó yá, ó bi ẹ̀rọ léèrè ohun tó di fáìlì náà mú. Ẹyọ kan péré ló fi hàn án, kò lórúkọ. Àmọ́ ó ní ọjọ́ àti wákàtí tó ti dì í mú: ọjọ́ tí ọ̀gá kú, lọ́sàn-án gangan.

Òórùn ìpara tí ọ̀gá máa ń fi pa orúnkún gba inú yàrá. Lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ gbọ́ ìró kan létí tábìlì, kó, kó, bí ọ̀gá ṣe máa ń fi irin kan tábìlì tí ẹnì kan bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́.

Ó kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ni mo tú káàdì yín láìgbàṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Bàbá yẹn ò ní ohun mìíràn tó kù ú kù mọ́."

Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Òórùn náà lọ díẹ̀díẹ̀, ikùn ẹ̀rọ sì tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Fáìlì ṣí, ẹ̀rọ jí.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Tíṣà gbé etí sún mọ́ ẹ̀rọ. Ohùn obìnrin kan, tí ó rẹ̀ dẹ̀dẹ̀, fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é, ó sì bi í pé, "Ṣé ẹ ti ń bọ̀?" Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ parí síbẹ̀; Jẹ́jẹ́ rí i lójú ẹ̀rọ pé ó ti parí. Ohùn náà tún béèrè. "Ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

"Mo ń bọ̀ o," ni bàbá dáhùn, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

Kó, kó, kó. Tábìlì ń dún ṣáá, bíi pé ẹni tó ń kàn án ń sunkún. Bàbá ò gbọ́ ọ. Ó ṣàdúrà fún Jẹ́jẹ́, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ abíyá, ó lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a lórí àga, ẹ̀rọ lórí itan, ẹ̀rín lẹ́nu, ara rẹ̀ ti tutù.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìbínú káàdì kọ́ ló mú ọ̀gá dúró. Ó ti gbọ́ ìbéèrè yẹn ṣáájú wọn, ó ti dá a lóhùn kó tó kú, ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì fi ara rẹ̀ tì í. Jẹ́jẹ́ ló bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kúrò níbẹ̀. Ìkìlọ̀ tó ti ń parọ́ fún un láti ọdún mọ́kànlá, òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ yẹn. Kò láṣẹ.

Lóṣù kejì, ọmọ bàbá náà gbé ẹ̀rọ dé. Kò jí mọ́.

"Ohùn méjì ló wà nínú ẹ̀, Àǹtí. Mo rí i kí ẹ̀rọ tó kú. Ìkejì jọ pé ti bàbá mi ni, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gbà á ò yé mi. Lẹ́yìn tí a sin wọ́n ni. Ẹ bá mi ṣí i."

Jẹ́jẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà lọ, ó yọ bátìrì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí káàdì, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ ní ìso méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà pè é lórí fóònù. "Àǹtí, ṣé ó ti ṣí?"

"Kò ṣí o. Ó ní mi ò láṣẹ." Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọwọ́ alààyè ò tó láti tì í pa.

"Àǹtí, ta ló wà lẹ́yìn yín? Ó jọ ohùn bàbá mi. Wọ́n ní ṣé mo ti ń bọ̀."

"Má dáhùn," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, má dáhùn."

Ó gbọ́ tí ọmọ náà mí sínú, bí ẹni tó fẹ́ dáhùn.