Àkọsílẹ̀ Tí Safwan Jí Dìde

Ọjọ́ tí Safwan kọ́kọ́ fojú kan Zubaidah, orí bẹ́ǹṣì níwájú ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Adégbayì ni ọmọbìnrin náà jókòó sí, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tí ibà mú. Ọyẹ́ ti bu eruku sí i lójú, omijé sì ti la ojú ọ̀nà méjì gba inú eruku náà kọjá. Safwan, tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ajíbọ́dẹ gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, gbàgbé pé ó yẹ kí òun kí èèyàn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe?" ni Zubaidah bi í.

"Èmi ni. Ta ló kú?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Safwan fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí i pé ọmọbìnrin náà kò ṣeré, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

Zubaidah ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ níbẹ̀, òun náà ló sì máa ń gba ẹ̀jẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pọ̀ ọdún ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn kí iná mànàmáná tó dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, tó sì jó inú rẹ̀. Lóòótọ́, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀rọ náà máa ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ pamọ́ sínú díìsìkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n so díìsìkì náà mọ́ ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ ní òun kò rí ẹ̀dà kankan níbẹ̀. Ọ̀gá wọn, Dókítà Oyèkúnlé, wá sọ fún Zubaidah pé bí oṣù bá parí tí àkọsílẹ̀ kò padà, kó máa sinmi nílé.

Safwan yẹ díìsìkì náà wò. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kékeré kan tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ẹ̀rọ tó ni ín. Àwọn fáìlì kékeré yìí gan-an ni iná bà jẹ́. Ẹrù wà nínú ilé, àmọ́ ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ilé ni.

"Kí n má tàn yín," ni Safwan wí. "Ó lè ṣeé ṣe, ó sì lè má ṣeé ṣe."

Ó kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sórí díìsìkì mìíràn, kó má baà ba èyí tó kù jẹ́. Ó wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fáìlì kékeré tuntun, ó ń wo ti ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un kọ, ẹ̀rọ tún kọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì. Bí Zubaidah bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, yóò gba Ajíbọ́dẹ lọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú abọ́.

"Ṣé ẹ̀ ń tún un ṣe ni, àbí ẹ̀ ń fi falẹ̀ kí n lè máa wá?"

"Méjèèjì ni. Yéé fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀, mi ò tíì hu ewú."

"Ó dáa. Jẹun, ìwọ tèmi." Bí ó ti sọ ọ́ tán, ojú tì í, ó fi hìjáábù bo ẹnu.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Zubaidah mú Safwan lọ sí Èrúnmu. Mùjíbátù, ìyá rẹ̀, ń bẹ ẹ̀gẹ́ nínú ọgbà. Kò béèrè owó, kò béèrè ilé.

"Ọmọ mi, kí ni jẹnotáìpù rẹ?"

Safwan mọ ìdí rẹ̀. AS ni Zubaidah. Kifayah, àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbà á lọ́wọ́ wọn.

"AA ni, Màmá." Ohun tí ìyá tó bí Safwan máa ń sọ fún un láti kékeré nìyẹn.

Mùjíbátù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó súre fún wọn. Wọ́n ní lẹ́yìn ààwẹ̀, àwọn yóò so yìgì.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Safwan rí àṣìṣe rẹ̀: kọ́mà kan péré ni kò fi sáàárín ọjọ́ àti orúkọ ẹ̀rọ. Ó fi í sí i. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹ̀dà tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Jímọ̀ tẹ̀ lé Jímọ̀. Ó hó yè! Ó ṣí èyí tó gbẹ̀yìn, orúkọ àwọn èèyàn sì kún ojú ẹ̀rọ. Kó lè dá a lójú pé ó ń ṣiṣẹ́, ó tẹ orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ gbé e jáde. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ilé àyẹ̀wò yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní mọ́ṣáláṣí kan ní Adégbayì. Ó ṣe é, kò sì padà lọ gba èsì. Orúkọ Ṣítù, bàbá rẹ̀, wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni AS.

Ó wo ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Bákan náà ni. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Bó bá yí S padà sí A, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Ta ni yóò mọ̀? Ó rántí ọwọ́ Mùjíbátù bó ṣe gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí Zubaidah dé ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó ti rí i lójú Safwan pé nǹkan ṣẹlẹ̀ kó tó wọlé.

"Kò ṣeé ṣe, àbí?"

"Ó ṣeé ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló pé."

"Kí ló wá dé?"

Safwan yí ojú ẹ̀rọ sí i. Zubaidah kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó mú Safwan lọ sí ilé àyẹ̀wò, ó mú abẹ́rẹ́. "Bóyá wọ́n ṣì í kọ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣi iṣan gún. Nígbà tí èsì jáde, AS náà ni.

"Àwọn kan fẹ́ra báyìí, àwọn ọmọ wọn le koko," ni Safwan wí.

"Àwọn tí tiwọn ò le ńkọ́? Mo gbọ́ igbe Kifayah, Safwan. Mi ò lè bí ẹlòmíì síbẹ̀."

"Ká fẹ́ra láìbímọ."

Zubaidah mirí. "Mo ti rí bí o ṣe ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Màá máa rí i lójú rẹ títí ayé."

Wọ́n jọ lọ sọ fún Mùjíbátù. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó fa Safwan mọ́ra. "O lè purọ́ fún mi, mi ò ní mọ̀. O ò purọ́. Ọlọ́run ò ní dójú tì ọ́."

Safwan gba iṣẹ́ sí Ifẹ̀, nítorí kò lè máa gba Adégbayì kọjá lójoojúmọ́. Ní oríta, Zubaidah bá a gbé àpò dé ẹnu ọkọ̀.

"Má dúró dè mí," ni Safwan wí.

"Mi ò ní dúró dè ọ́." Ó gbé àpò náà lé e lọ́wọ́. "Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tí kò ní mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn."

"Àmín. Àti ìwọ náà, olólùfẹ́ mi."

Ọkọ̀ gbéra. Zubaidah dúró títí eruku fi rọlẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èèyàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n bi í pé, "Àǹtí, ṣé wọ́n ti rí èsì wa?"

"Wọ́n ti rí i, Màmá," ni Zubaidah dáhùn. "Ẹni tó bá wa rí i ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni."