Rẹ́kọ́ọ̀dù Tó Di Abọ́

Omi ti ń hó nínú ìkòkò, Jẹ́ẹ́jẹ́ ṣì di páálí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá rẹ̀ mú.

"Ṣé o máa mú un wá ni, àbí kí omi tutù?" Mádáàmù bi í. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni. Àṣẹ tó máa ń pa ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Iṣẹ́ ọnà iléèwé ni Mádáàmù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá bá Jẹ́ẹ́jẹ́ ṣe nílé. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá wọ omi gbígbóná, á rọ̀, á ṣeé tẹ̀ bí abọ́.

"Ti bàbá mi tó kú ni."

"Ìwọ náà kọ́ lo sọ pé ó ń ké bíi màlúù tí inú ń run?"

Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́ ọ: àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì, tí ohùn wọn ń wọ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun àti ìyá rẹ̀ ti kó wá sí àdúgbò yìí, òní ni ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bá a wọlé. Ó yọ ọ̀kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù méjì tó wà nínú páálí náà.

"Gbà."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn.

Wọ́n gba máàkì tó dára. Lọ́jọ́ kejì, Mádáàmù ti padà sídìí àwọn tirẹ̀. Orí lásán ló mì sí i látòkèèrè.

Jẹ́ẹ́jẹ́ bá ilé tó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. Nígbà tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ó tú ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wò. Rọ́bà kan ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ibi tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń jókòó sí. Ó ti dẹ̀, ó ń yọ̀. Àṣé ẹ̀rọ ló ń wọ́, kì í ṣe orin!

Ó gé tẹ́ẹ́rẹ́ lára tíúbù kẹ̀kẹ́ láti fi rọ́pò rẹ̀. Àkọ́kọ́ nípọn níbì kan, ohùn ń lọ sókè sódò. Ó fi rúlà gé òmíràn pẹ̀lú sùúrù, ó sì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tó kù sí i.

Jìtá kan nìkan ló kọ́kọ́ dún, bí ẹni tó ń wá èèyàn kiri inú ilé òfìfo. Ìlù dá a lóhùn. Àwọn ohùn náà jẹ́ ti ọ̀dọ́, wọ́n mọ́ gaara. Orin kan ń wọnú èkejì láìdúró. Ní ìparí ojú kejì, orin gòkè, ó tún gòkè, ló bá já. Ara rẹ́kọ́ọ̀dù kejì, èyí tó ti di abọ́, ló ti ń tẹ̀síwájú.

Ó lọ gba abọ́ náà padà níléèwé, ó ki í bọ omi gbígbóná, ó fi ìwé tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ o, ṣùgbọ́n àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó gbé orin ti dàrú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kàn ń fò ni.

"Ta ló tún ẹ̀rọ yìí ṣe?" Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ nítorí omi ọṣẹ.

"Èmi ni, Màámi." Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. "Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ ń tilẹ̀kùn mọ́ra pẹ̀lú ariwo yìí. Èmi á wà níta, inú á máa bí mi. Tún fi ìparí rẹ́kọ́ọ̀dù tó kù yẹn sí i."

Nígbà tí orin já, ìyá rẹ̀ fi ẹnu bá orin náà lọ. Kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn lásán ni, ó sì ń fi èékánná lu tábìlì. Ó gbé e lọ díẹ̀, ó dákẹ́.

"Ibi tí mo mọ̀ dé nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo máa ń dìde kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Jẹ́ẹ́jẹ́ wo rẹ́kọ́ọ̀dù tó dàrú. Ó ti fi ohun tí kò fara balẹ̀ gbọ́ ra ẹ̀rín ọjọ́ kan, ẹ̀rín náà kò sì bá a sùn mọ́jú. Bó bá ti bi ìyá rẹ̀ léèrè ni, bó bá ti kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ náà wò ni, ìbá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi tọrẹ.

Ó sún fún ìyá rẹ̀ lórí àga. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀ orin náà.