Ẹja Tí Leander Nìkan Kò Fà

Ojú oorun ni Mena ti ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ẹni tó ń dá ẹlòmíràn lóhùn. "Gbé ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì sórí Àpáta Ewúrẹ́, kí òpó iná èbúté sì yọ díẹ̀ lẹ́yìn òkè."

Leander dìde jókòó. Àmì ibi ìpẹja Ambrose nìyẹn, àwọn ohun orí ilẹ̀ tó máa ń tò pọ̀ lójú kó lè mọ ojú ibẹ̀ lórí òkun! Ní erékùṣù Newfoundland tiwọn, apẹja kì í sọ àmì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó fẹ́ràn jù. Ambrose, ẹ̀gbọ́n Leander, ló kọ́kọ́ fẹ́ Mena kí òkun tó gbé e lọ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Leander ṣú obìnrin náà lópó, àtìgbà náà ló sì ti ń bá òkú jowú. Ìlà tí Ambrose fi ọ̀bẹ fà sí ilẹ̀kùn àká, gígùn ẹja hálíbọ̀tì ńlá tó pa, ṣì wà níbẹ̀. Bí Mena bá ń kọjá, á fọwọ́ pa á.

Ilẹ̀ mọ́, Leander dá tukọ̀ lọ, ó tẹ̀ lé àmì náà títí ó fi débẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹja fi gbé ìwọ̀. Ó fà á fún wákàtí kan gbáko kó tó yọ sójú omi, pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó ju ti Ambrose lọ! Ó fi ìkọ́ onígi kọ́ ọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò gbé e. Ọkọ̀ fì, omi ń wọlé. Ó wù ú kó bá ẹja náà rì ju kó jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ.

Ọwọ́ mìíràn di igi ìkọ́ mú nísàlẹ̀ tirẹ̀, ìbọ̀wọ́ òwú funfun ló wọ̀, ó ń ro tótótó.

"Rọra, àbúrò. Jẹ́ ká jọ fà á."

Ẹja balẹ̀ sínú ọkọ̀. Leander kò lè wẹ̀yìn.

"Mena ńkọ́?"

Owú ló mú Leander dáhùn. "Ó ti kú."

"Ó kú kẹ̀? Mi ò rí i lọ́dọ̀ wa o. Màá lọ wò ó nílé."

Nígbà tó yíjú, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló kù lórí ìjókòó.

Ariwo sọ létíkun. Gus aládùúgbò wọn na ẹja náà sára ilẹ̀kùn àká, ẹja sì fi ìka mẹ́rin ju ìlà Ambrose lọ.

"Ìwọ nìkan, Leander? Lọ tan ìyá ẹ!"

"Èmi nìkan ni. Ṣé o rí ẹlòmíì ni?"

Ó wojú Mena kó lè gba oríyìn. Mena kò tilẹ̀ wo ẹja. Ó ti mú ìbọ̀wọ́ nínú ọkọ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì gba ilé lọ.

Ìdí tábìlì ni Leander bá a.

"Ọwọ́ mi ló hun èyí," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ó béèrè mi?"

"Rárá."

Wọ́n ní irọ́ a máa rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Ti Leander kò tó wákàtí mẹ́rin. Bàtà tó kún fómi ń gun àtẹ̀gùn ìta bọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Ó gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Má ṣílẹ̀kùn, Mena. Mo bẹ̀ ọ́."

Mena rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró níwájú dígí, ó tún irun ṣe dáadáa, bí kò ṣe ṣe é fún Leander rí, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn.