Okùn Funfun Ìdí Àpáta

Kí àwọn ọmọ tó jẹun àárọ̀ tán, ọmọ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rín-Ò-Tán ti kú. Ó nà sídìí àpáta inú igbó bí ẹni tí oorun gbé lọ, bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gun òkè ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Igbó náà wá dákẹ́ débi pé bí èèrà bá húkọ́, èèyàn á kí i pẹ̀lẹ́.

Imú-Ajá ni wọ́n rán wá. Ìnsípẹ́kítọ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ fi ẹnikẹ́ni wé e. Imú rẹ̀ máa ń gbóòórùn irọ́ kí elékèé tó lanu. Ó sín lẹ́ẹ̀kan péré lójú títì, olè mẹ́fà jẹ́wọ́, ìkeje ń bẹ̀bẹ̀ látinú ilé.

Tíṣà eré ìdárayá ló pàdé rẹ̀. Bàtà rẹ̀ funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun, fìlà funfun, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Lékeléke. Òun ló kó wọn wá sí àgọ́ inú igbó yìí láti wá kọ́ àpáta gígun.

"Ọ̀gá, okùn rèé, ó délẹ̀délẹ̀, kò já," ló wí. "Ẹni tó ń gòkè so orí kan mọ́ ara, okùn gba inú òrùka irin lókè, ọ̀rẹ́ ẹ̀ di orí kejì mú nísàlẹ̀. Ọ̀pá-Iná ló dì í mú, òun náà ló jù ú sílẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ti ṣílẹ̀kùn de ọmọ náà. Ọ̀pá-Iná jókòó sórí ìtì igi, ọmọ tó ga débi pé ẹyẹ lè fi orí ẹ̀ ṣe ibùsọ̀.

"O ju okùn sílẹ̀ àbí o ò jù ú sílẹ̀?" Imú-Ajá bi í.

"Mi ò mọ̀, sà."

"O ò mọ̀ kẹ̀? Ọwọ́ ta ló wà?"

"Ọwọ́ mi ni, sà. Mo ń fà á, mo kàn bá ara mi nílẹ̀ ni. Tíṣà wá ní kí n sáré lọ pe èèyàn wá."

"Ọ̀rẹ́ ẹ ni?"

"Láti jẹ́lé-ó-sinmi la ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan."

"Dìde. Yíjú sẹ́yìn."

Ọmọ náà yíra padà. Amọ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò ẹ̀ pẹ́pẹ́. Imú-Ajá wo amọ̀ náà dáadáa. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó gbóòórùn bẹ́líìtì, ó sì sín. Ó wá gbóòórùn okùn tí Tíṣà gbé fún un. Òórùn ṣọ́ọ̀bù lásán ló ń ṣe.

Ìyá alágbàfọ̀ ló kàn, ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń sunkún, ó ń fọṣọ.

"Ìyá, kí lẹ fi ń fọ bẹ́líìtì àwọn ọmọ?"

"Bílíìṣì ni o, ọmọ mi. Lékeléke ní àwọn òbí ń bọ̀ wá wòran, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ funfun. Bàtà, bẹ́líìtì, okùn, ó ní kí n rẹ gbogbo ẹ̀ mọ́jú. Bí mo bá jókòó pẹ́ jù, á ní kí n kó ara mi sínú báfù."

"Okùn tẹ́ ẹ rẹ náà dà?"

"Ṣebí òun ni mo sáṣọ sí yìí? Lékeléke ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o wá fún mi láàárọ̀ yìí ni, ó ní ó ti gbó."

Okùn náà funfun bí ẹfun, orí rẹ̀ já jágajàga bí irùngbọ̀n arúgbó. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé Ẹ̀rín-Ò-Tán ló ń kán omi láàárín rẹ̀.

Imú-Ajá ní kí wọ́n pe Tíṣà wá.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi okùn yìí gun àpáta fún mi."

Ojú Lékeléke funfun ju bàtà ẹ̀ lọ. "Ọ̀gá, ó... ó ti gbó."

"Ọ̀pá-Iná ń fa okùn, okùn já, ó fìdí gúnlẹ̀. Ẹni tó bá ju okùn sílẹ̀, ìdúró ló máa wà. Bílíìṣì ti jẹ okùn yín bí ikán ṣe ń jẹ igi, òde ń dán, inú ti rà. Ẹ rí i pé ó já, ẹ rán ọmọ níṣẹ́, ẹ fi tuntun pààrọ̀ ẹ̀. Okùn tẹ́ ẹ gbé fún mi ò ní òórùn bílíìṣì rárá, bẹ́líìtì òkú sì ń ta mí nímú."

Tíṣà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. "Mi ò fẹ́ kó kú! Mo kàn fẹ́ kó mọ́ ni."

"Mo gbọ́. Èyí tó wà láàyè yìí ńkọ́, tẹ́ ẹ fẹ́ sin mọ́ òkú?"

Ìyá alágbàfọ̀ fọwọ́ lérí. Àwọn ọlọ́pàá mú Lékeléke wọ ọkọ̀ tó ti ṣílẹ̀kùn.

"Ìwọ ti bọ́," Imú-Ajá padà lọ sọ fún Ọ̀pá-Iná lórí ìtì igi rẹ̀. "Máa lọ sílé."

Ọmọ náà ò dìde.

"Ọ̀gá, ẹ̀rù bà á lókè. Ó ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo ní kó má ṣojo, kó máa gòkè."

Imú tó ti mú gbogbo òpùrọ́ ayé, kò sí ohun tó lè fi òótọ́ yìí ṣe. Imú-Ajá jókòó tì í lórí ìtì igi.

Lẹ́yìn ilé ìdáná, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó ká a.