Ìwádìí Tí Kamorat Ṣe ní Slipway

Lọ́dún 1984, Ṣàfíù, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, wá so tẹlifóònù mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù aṣọ Alhaji Súbérù ní Vai Town, ládùúgbò kan ní ìlú Monrovia, ní Liberia. Nígbà tó parí, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì títì, ó sì pè láti ibẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá wáyà náà dára. Kamorat, ọmọ Alhaji, ló gbé e.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́."

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ò tíì wí nǹkan kan. Ẹ kàn ń bi mí bóyá mo ń gbọ́ ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Kamorat ń wo eyín rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ̀rín náà sì wà nínú etí rẹ̀ níbí. Ọkàn rẹ̀ fà sí i lójú ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi di olólùfẹ́. Ọmọ Ọ̀fà ni Ṣàfíù. Alhaji ránṣẹ́ sílé ní Nàìjíríà, wọ́n wádìí ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, ìròyìn rere ni wọ́n sì mú bọ̀. Ohun gbogbo ń lọ déédéé, àfi ọjọ́ tí Ṣàfíù wọlé wá sọ pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

"O fi kí ni sílẹ̀?" Alhaji ní. "Iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sunkún wá?"

"Bàbá, àwọn ọ̀gá mi ní kí n máa fi ẹ̀rọ kékeré kan pamọ́ sínú tẹlifóònù àwọn oníbàárà, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn náà ń sọ nínú ilé wọn, kí wọ́n sì máa tà á fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Mi ò lè ṣe é. Àwọn èèyàn yẹn ló ń bu omi fún mi mu nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́ nílé wọn."

Alhaji fa àga kan fún un pé kó jókòó. "O ṣe ohun tó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní fa ọmọ mi fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ tí o ò tíì ríṣẹ́, kí kálukú máa lọ lọ́nà tirẹ̀."

Ṣàfíù wáṣẹ́ kiri. Ilé iṣẹ́ kan ń kun kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́dà, wọ́n ń tà á bíi tuntun. Òmíràn ní kó máa ba nǹkan kékeré kan jẹ́ nínú ẹ̀rọ tó bá ń tún ṣe, kí oníbàárà lè tètè padà wá. Ààwẹ̀ ń sún mọ́lé, ọkàn rẹ̀ sì ń rẹ̀wẹ̀sì.

"Olówó orí mi," Kamorat ní, "ìwọ lò ń lọ jókòó síwájú wọn kí wọ́n máa bi ọ́ léèrè. Ta ló ń bèèrè nípa tiwọn? Nígbà tí o wá fẹ́ mi, ṣé ìwọ ni bàbá mi bi bóyá o máa ń jalè?"

Ṣàfíù rẹ́rìn-ín. "Àwọn aládùúgbò wa ni."

"Ó dáa. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Bàbá ará Liberia kan wà ní Slipway tó ń jẹ́ Pápá Enoch, tó ń tún rédíò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ṣe. Kamorat sọdá afárá lọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wádìí ọkọ nílé wọn gẹ́lẹ́ ló ṣe wádìí bàbá yìí. Ó jókòó ti ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ṣé bàbá yẹn máa ń mutí? Ṣé ó máa ń bínú? Àwọn wo ló ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, kí ló sì lé wọn lọ?

"Kò sóhun tó lé wọn," ìyá náà fèsì. "Wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wá bá a jẹun. Èmi ni mò ń se ìrẹsì náà." Ó wo Kamorat látòkèdélẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, bàbá yìí ti dàgbà o."

"Kò burú, mà. Àgbà ni mo fẹ́."

Ìyá náà lanu, kò lè pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì, Pápá Enoch wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji pẹ̀lú kóòtù dúdú nínú oòrùn ọ̀sán, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Alhaji, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo gbọ́ pé ọmọbìnrin yín ń bèèrè mi kiri. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìyàwó mi tó kú kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó má bínú."

Alhaji yíjú padà. "Kamorat! Ta lò ń wá fi ṣe ọkọ?"

Kamorat ń wá ihò tí yóò kó sí. "Bàbá, ọ̀gá ni mò ń wá fún Ṣàfíù! Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìgbéyàwó!"

Pápá Enoch jókòó lórí ìdì aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo tún lọ yá kóòtù!"

Alhaji náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó tẹjú mọ́ àlejò náà. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́, kó máa fi ọmọ ọlọ́mọ yangàn láàárín ọ̀rẹ́. Eléyìí yá kóòtù kó lè wá sọ òótọ́ lójúkojú.

"Ẹ bá mi pe Ṣàfíù wá," ó ní.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Pápá Enoch bi Ṣàfíù: kí ló dé tó fi kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀? Ṣàfíù sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́. Bàbá náà mi orí.

"Lọ́dọ̀ tèmi, ẹ̀rọ ni wọ́n ní ká tún ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ín ń sọ kò kàn wá. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ààwẹ̀ kò tíì dé. Lọ́jọ́ Ajé, tẹlifóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù, Alhaji sì gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣàfíù ni. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń pè."

Alhaji wo ọmọ rẹ̀, tó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ó na tẹlifóònù sí i.

"Ọkọ rẹ ni."

Alhaji kò pe Ṣàfíù bẹ́ẹ̀ rí. Ó mú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀, ó bọ́ síta, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Kamorat ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dá oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ dúró ná, àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀."

"Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ṣàfíù bèèrè.

Kamorat wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ," ó ní. "Máa wí."